Ẹ̀rí Tí A Ń Jẹ́ fún Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ìròyìn yìí kan gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ti di agbẹjọ́rò, tó tún fẹ́ lọ kàwé sí i ní òkè òkun.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan ní Ṣàngótẹ̀dó níbí mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ti ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì, ó ti lọ sí Law School, wọ́n sì ti pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ó wá fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ òfin ní Oxford tàbí ní Harvard. Wọ́n bèèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùkọ́ tó kọ́ ọ. Olùkọ́ náà ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn òun. Kí ó lọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun yóò fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ wá sọ fún wa pé, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ni pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́. Ẹ sọ pé òun ló mọ̀wé jù nínú kíláàsì rẹ̀." A wo ojú ọmọ náà, ó dorí kodò. Ó mọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mọ̀wé jù.

Ìbéèrè tó wà níwájú wa nìyí: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ìyá fi ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ẹnu ọ̀nà há?

Ẹnu ọ̀nà há lóòótọ́. Nǹkan bí 180 ènìyàn ni Harvard ń gbà fún oyè yìí lọ́dún kan, láti gbogbo ayé. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ju 70,000 dọ́là lọ, a kò tíì sọ ti oúnjẹ àti ilé. Oxford ní tiwọn ń wá ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní tàbí ẹni tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò mọ ilé wa, wọn kò mọ ìyá ọmọ, wọ́n sì lè má mọ yunifásítì tó ti jáde. Ìwé máàkì rẹ̀, ohun tó kọ nípa ara rẹ̀, àti lẹ́tà ìjẹ́rìí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní àwọn ọmọ wa ń fi iná àtùpà kàwé. Ó ní ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìyanṣẹ́lódì fi ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ wọn. Ó ní àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wọlé. Ó wá pa á lówe pé, "Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí a mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ọmọ yẹn tó di agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó ti mẹ́nu ba ọjà, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ọjà. Gbogbo wa la mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń fi í wọn gààrí ń jèrè fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ tí oníbàárà bá yí kọ́ńgò náà wò, kì í ṣe ìsọ̀ kan ni yóò sá fún, gbogbo ìlà yẹn ni. Ìyá tí kọ́ńgò tirẹ̀ pé yóò jókòó ti gààrí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Abájọ tí Ọlọ́run fi kọ òṣùwọ̀n méjì nínú ilé fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú Deuteronomi orí 25.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ìjẹ́rìí rí. Bí gbogbo lẹ́tà tó ti Nàìjíríà lọ bá ń sọ pé ọmọ yìí ló mọ̀wé jù, ta ni wọn yóò gbà gbọ́ mọ́? Ẹni tí lẹ́tà irọ́ yóò kọ́kọ́ pa lára ni ọmọ opó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìkòròdú, tó mọ̀wé jù ní tòótọ́, tí olùkọ́ rẹ̀ sì kọ òtítọ́. Òfin kẹsàn-án kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí tí a fi ń pa ènìyàn lára ní kóòtù nìkan. Ẹ̀rí tí a fi ń gbé ọmọ wa ga lè gba àyè ọmọ ẹlòmíràn.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn wa ti ń kan ilẹ̀kùn yìí. Kí Law School tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1962, Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń lọ kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò. Stella Thomas, tí wọ́n bí ní Èkó, di agbẹjọ́rò ní London ní 1933. Taslim Olawale Elias ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì London, ní 1949. Ní 1982 ó di Ààrẹ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague. Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́, tó jáde ní Methodist Girls' High School tiwa, ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di agbẹjọ́rò, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, ní 1981. Orúkọ rere tí irú wọn fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń jẹ lónìí. Lẹ́tà irọ́ kọ̀ọ̀kan ń bù nínú rẹ̀.

A kò sọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a ń kọ́ni, àwa náà ti kọ ìwé ẹ̀rí fún kíláàsì odindi, tí a ní olóòótọ́ àti òṣìṣẹ́ kára ni gbogbo wọn. Ọmọ kan wà nínú wọn tó rí owó he, tó sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ẹni tó ń jíwèé wò ni a kọ fún òun náà. Ó ń dùn wá di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a kò kọ lẹ́tà náà. A bi ọmọ náà pé kí ni olùkọ́ rẹ̀ rí tó ṣe. Ó ní òun kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí ilẹ̀ tí wọ́n tà fún ènìyàn méjì, pé òun jókòó ti àwọn opó ní agbègbè wa yìí láti gbọ́ tẹnu wọn, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni olùkọ́ ní kí òun tún un kọ, òun sì tún un kọ. A ní kí ó kọ nǹkan wọ̀nyí sí ojú ìwé kan, kí ó fi rán olùkọ́ náà létí, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó lọ kí olùkọ́ tó kọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà, ṣùgbọ́n kíkí tó ń kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kúrú. Èsì kò sì tíì dé. Bí wọ́n bá gbà á, yóò jókòó láàárín wọn láìbẹ̀rù pé ẹnìkan yóò yí kọ́ńgò rẹ̀ wò. Bí wọn kò bá gbà á, agbẹjọ́rò náà ni, àwọn opó yẹn sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gbàdúrà kí wọ́n yan ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí á máa gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí a bá dìde lórí eékún, kí ọwọ́ wa má ṣe kọ irọ́. Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe é. Àmín.