Ènìyàn Ṣì Wà



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu wa ní Ọ̀tà àti Sàngó. Bí owó oṣù bá pẹ́, bí ilé-iṣẹ́ bá dín òṣìṣẹ́ kù, bí ọ̀rẹ́ bá dalẹ̀ ọ̀rẹ́, ohun tí a máa ń wí ni pé: "Ènìyàn kò sí mọ́." Mo fẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lónìí níwájú Ọlọ́run, nítorí pé ẹni tí ó bá ń wí i títí tí ó fi gbà á gbọ́, ìrètí rẹ̀ kò ní pẹ́ kú.

Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi láìpẹ́ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ́ fún yín láìdárúkọ òun. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ní agbègbè wa yìí kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú àkókò náà ni ó ti ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀rẹ́ náà gba owó, ó sá lọ, gbèsè sì di ti onídùúró. Ó wí fún mi pé, "Fadá, n kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́ láyé." Mo bi í pé, "Kí ni ẹ ti ń jẹ nílé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìyá olóúnjẹ tí ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń bu oúnjẹ fún òun àti àwọn ọmọ òun láwìn; ó di oṣù kẹta, kò sì tíì béèrè owó lọ́wọ́ òun rí.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dalẹ̀, a sì gbé orúkọ rẹ̀ ká gbogbo ayé. Ẹnìkan ṣoore fún oṣù mẹ́ta, a kò tilẹ̀ rántí kà á mọ́ ènìyàn. Ibi ni a mọ̀ ọ́n kà. A kì í ka ire.

Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá fi ń pe ìjọ wa: Ìjọ Àgùdà. Ta ni àwọn Àgùdà? Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil, tí wọ́n ra ara wọn padà tàbí tí a dá wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìde ní Bahia ní ọdún 1835. Òyìnbó ni ó fi ọkọ̀ kó wọn lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kọ́kọ́ mú wọn lójú ogun, tí ó sì tà wọ́n. Bí ẹnìkan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti wí pé ènìyàn kò sí mọ́, àwọn ni. Síbẹ̀ wọ́n tún la òkun já, wọ́n sì wá kọ́lé sáàárín wa.

Nígbà náà, kò sí àlùfáà tí ń gbé Èkó. Ọkùnrin kan tí ó ti oko ẹrú bọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, tí ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Fadá Borghero ti ẹgbẹ́ S.M.A. bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1863. Ṣùgbọ́n ọdún 1868 ni Fadá Bouche tó wá bá wọn gbé. Wọ́n dúró dè é. Nígbà tí àlùfáà dé, ó bá ìjọ nílẹ̀. Misa tí a ń gbọ́ ní Sàngó lónìí, lára èso ìdúró wọn ni.

Ìrètí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó lòdì sí i: àìnírètí, àti ìkùgbù. Kò burú kí ọkùnrin yẹn ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tún ṣe onídùúró. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n ekòló kì í ṣe ejò. Ekòló ni ó ń tú ilẹ̀ fún àgbẹ̀.

Olúwa wa mọ ènìyàn jù wá lọ. Ó mọ̀ pé Pétérù yóò sẹ́ òun nígbà mẹ́ta. Síbẹ̀ ó gbàdúrà fún un, ó sì fi àwọn arákùnrin rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó rí ìsẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ó sì rí omijé tí yóò tẹ̀ lé e.

Ìrètí ni Póòpù Francis fi ṣe àkọlé Ọdún Júbílì 2025. Ọdún náà ti parí, a sì ti ti Ilẹ̀kùn Mímọ́ ní Róòmù. Ilẹ̀kùn ìrètí kò tì.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí a bá ń yẹ ọkàn wa wò kí á tó sùn, kí á ka ènìyàn mẹ́ta tí ó ṣe wá lóore lọ́jọ́ náà, kí á sì dúpẹ́ wọn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí ó jẹ gbèsè oúnjẹ, kí ó san èyí tí agbára rẹ̀ bá ká, nítorí pé olóúnjẹ náà ní ọmọ nílé. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò ríṣẹ́, kí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì ríṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì ń bá a pọn omi láràárọ̀.

Bí ẹnìkan bá tún wí létí yín pé ènìyàn kò sí mọ́, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ̀yin ni kí ẹ jẹ́ ènìyàn tí yóò rí.

Kí Màríà, Ìyá ìrètí wa, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.

Fadá yín nínú Krístì.