Opó àti Ojú Wa

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan wà nínú Jákọ́bù 1:27 tí ó máa ń dá àwa atúmọ̀ dúró. Ìtumọ̀ méjì ni ó gbé pọ̀: kí a lọ fi ojú rí ènìyàn, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni ti opó?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn abúlé tí ó yí Kumasi ká. Ìdílé ìyá ni àwọn Àṣáńtì fi ń jogún. Láyé àtijọ́, bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ẹbí ìyá rẹ̀ ni ó ń gba dúkìá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ opó a sì jáde lọ́wọ́ òfo. Òfin 111 ti ọdún 1985 fún aya àti ọmọ ní ìpín. Láti ọdún 2008, ètò LEAP ti ìjọba Gánà ń fún àwọn òtòṣì kan lówó, àwọn arúgbó pẹ̀lú. Èyí dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè pọn omi fún ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú ńlá, owó kò sì lè béèrè bí ó ti sùn.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ẹbí ni. Òtítọ́ ni, Pọ́ọ̀lù fi ẹbí ṣáájú nínú Tímótì Kìn-ín-ní 5. Ṣùgbọ́n ó fi opó tí kò ní ẹnìkan lé ìjọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ ya méjèèjì. Ẹni tí ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ láìyọjú, ìdajì ni ó ṣe. Ẹni tí ó ní, tí ó yọjú lọ́wọ́ òfo, ìdajì ni òun náà ṣe. Àwa pẹ̀lú jẹ̀bi: ó rọrùn fún wa láti jókòó ti ìwé ju láti jókòó ti opó lọ. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá tí ó ń dá gbé ní abúlé yín, ìgbà wo ni ẹ rí i kẹ́yìn?