Ǹjẹ́ Èrò Rere Nìkan Tó? Ọ̀rọ̀ Òjé Lára Ọmọdé

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí. Bí ènìyàn bá fi ìfẹ́ ṣe nǹkan fún ọmọ, tí nǹkan náà sì wá pa ọmọ lára lẹ́yìn ọdún 40 tàbí 50, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà?

Ẹ jẹ́ kí a fi tìróò bẹ̀rẹ̀. Kò ṣòro láti rí i rà ní Òkè-Odò níbí, tàbí ní Ìkọ̀tún. Ìyá a máa lé e sí ọmọ ọwọ́ lójú kí ojú rẹ̀ lè dán, kí ó sì ríran dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé súnnà ni, nítorí pé hadíìsì sọ̀rọ̀ nípa òkúta kan tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ithmid. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni orúkọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó wà nínú ìgò. Òkúta antimony ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ithmid jẹ́. Èyí tí wọ́n sì ń lọ̀ tà fún wa lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta òjé ni. Méjèèjì dúdú, méjèèjì ń dán, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà nílé níbí ni wọ́n ń lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ó lé ní 80 tí ó jẹ́ òjé.

Tìróò nìkan kọ́. Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbolé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́. Òjé wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọdé tí ó kú lé ní 400. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjé wà nínú epo bẹntiróòlù tí gbogbo Èkó ń sun, títí a fi fòpin sí i ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kí ọdún 2006 tó wọlé. Àwa tí a bí ṣáájú ìgbà náà fà á símú. Títí di òní, ó ń bẹ nínú bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n ń tú, tí wọ́n sì ń yọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ilé.

Ohun tí ó mú òjé burú ni pé kì í tètè jáde. Ọmọdé a máa gba òjé tí ó bá gbé mì sára ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ara a kó o sínú egungun, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tàbí bí egungun bá ń tín-ín-rín ní ọjọ́ ogbó, a tún padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ní Dunedin ní New Zealand, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí ní 1972 sí 1973. Àwọn tí òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọmọ ọdún 11, làákàyè wọn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn ní ọmọ ọdún 38. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fún ní òjé ní kékeré ní àmì àrùn ìgbàgbé Alzheimer nínú ọpọlọ wọn nígbà tí wọ́n darúgbó. Wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí èéfín kò gbọdọ̀ dúró de iná.

Ẹ ronú sí i. Ìyá arúgbó tí ó ń ṣarán, tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní àjẹ́, ó lè jẹ́ pé ohun tí a fi sí i lára ní kékeré wà nínú ohun tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Àwọn kan yóò sọ pé: "Èrò ni Ọlọ́hun ń wò." Òótọ́ ni. Ìyá tí kò mọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èrò rere kì í yọ òjé kúrò nínú egungun. Èrò a sì máa yí padà bí ìmọ̀ bá dé: ẹni tí ó mọ̀ tí kò jáwọ́, kò lè sọ pé ìfẹ́ ni òun fi ṣe é mọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní kádàrá ni. Sayyidina Umar padà lójú ọ̀nà Ṣámù nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó jẹ́ kí ó yé wọn pé sísá fún ewu pàápàá wà nínú kádàrá.

Ẹni tí ń yọ́ bátìrì yóò sì ní oúnjẹ ni òun ń wá. Oúnjẹ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò kò bá a pín nínú èrè, kí ló dé tí yóò fi pín nínú májèlé? Ẹ̀sìn wa kò gba kí a pa ara wa lára, kò sì gba kí a pa ẹlòmíràn lára.

Àmáánà ni ọmọ. Kì í ṣe ọmọ òní nìkan ni a fi ṣọ́ wa, a fi arúgbó tí yóò dà lọ́la ṣọ́ wa pẹ̀lú. Arúgbó náà kò sí níbí láti bẹ̀ wá. Àwa ni a ó gbẹnu sọ fún un. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a.

Nítorí náà, ẹ má lé tìróò sí ọmọ lójú mọ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ bátìrì, kí ó wẹ̀, kí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó tó gbé ọmọ. Ẹ máa fi omi nu eruku ilé. Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti wàrà, nítorí pé ara tí ebi ń pa a máa fa òjé mọ́ra. Bí ìfura bá wà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí làákàyè wa bá wa dé alẹ́. Àmín.