Ọmọ Yemọja ni ẹja: ṣé ó yẹ ká máa pa á jẹ?



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé Yèyé-ọmọ-ẹja ni ìtumọ̀ Yemọja. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń ní kí èèyàn mú ẹja àrọ̀ wá bọ orí. Ṣé a máa ń pa ọmọ ká tún máa bẹ ìyá ẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹ̀rín dáhùn. Ohun tó tún jẹ́ kó le ni ti omi Òṣun. Nínú igbó Òṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ṣùgbọ́n omi yẹn kan náà ló ń ṣàn gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ, títí tó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kì ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja pípa ti jẹ́ iṣẹ́ ìran. Omi kan náà: lókè èèwọ̀, nísàlẹ̀ oúnjẹ. Èwo ni ká mú?

Ọmọ orí ilẹ̀ ni mí. Mo ti dàgbà kí n tó bá apẹja wọ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí ọ̀sà yẹn. A kúrò ní èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ojú ṣe ń là, mo rí i pé àwa nìkan kọ́ la wá oúnjẹ wá. Lékeléke tò sínú koríko etí omi. Àwọ́nrínwọ́n nà gbalaja sórí igi tó wó. Ẹyẹ kan já wálẹ̀ láti òkè, ó gbé ẹja, ó lọ. Bàbá apẹja ní, "Awo, ẹ má fọwọ́ bọmi o, ọ̀nì wà níbí." Gbogbo wọn ló ń pa ọmọ Yemọja jẹ, Yemọja ò sì lé ìkankan nínú wọn. Jíjẹ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fa ìgèrè sókè, àrọ̀ mẹ́ta péré ló tó jẹ nínú ẹ̀. Ìyókù, ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò gùn tó ìka. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n padà sómi. Ọmọ ẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kó o. A ò tíì san owó ẹ́ńjìnnì tán. Bí a ò bá kó o, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kó o."

Bàbá ò gbójú sókè. Ó ní, "Kí wọ́n kó o. Orúkọ tèmi ò ní sí níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ yẹn ò purọ́. Gbèsè wà, àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹni tó bá dá nìkan pa èèwọ̀ mọ́, ebi lè pa á, kí ẹja náà sì tún tán. Ṣé kì í ṣe òmùgọ̀ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Òṣogbo. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ igbó Òṣun ti ń wó. Wọ́n ń gé igi, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń pẹja níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣe é ló lè sọ pé bí òun ò ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é. Àwọn díẹ̀ ló kọ̀: Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, Adébísí Àkànjí, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà àti olórìṣà tó dúró tì wọ́n. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, ó di hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Èèwọ̀ tó fẹ́ kú ló jí, nítorí pé àwọn kan pa á mọ́ nígbà tí kò tíì lérè.

Ẹ rántí ìtàn inú Ọ̀ṣẹ́túrá pẹ̀lú. Àwọn òrìṣà ọkùnrin ń tún ayé ṣe, wọn ò ka Òṣun kún. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé dàrú, àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló bí i nínú; pé wọn ò kà á kún ni. Ẹni tó gbá ọmọ ẹja mọ́ àgbà, ohun kan náà ló ń ṣe. Ó ń pín omi, kò yọ ti ìyá omi sílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹja àrọ̀ tí a fi bọ orí kò lòdì sí Yemọja. Òṣogbo àti Ẹ̀pẹ́ náà ò ta ko ara wọn. Ibi tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń fọwọ́ kan ibòmíì.

Ṣùgbọ́n ká má gbé gbogbo ẹrù náà lé apẹja tó jẹ gbèsè lórí. Àwa tí à ń rà náà wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra ẹja ẹbọ lọ́jà, ẹ má ra ọmọ wẹ́wẹ́ tìtorí pé ó dínwó. Ẹ ra èyí tó dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì san owó ẹ̀ pé. Bí ọjà ò bá gba ọmọ ẹja, ìgèrè á dà á padà.

Kí omi má gbẹ lójú wa, kí ọmọ wa náà rí ẹja fi bọ orí tiwọn. Àṣẹ.