Ojú Tí Ó Bọ́ Lórí Abẹ́rẹ́

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 18:1-6, Mátíù 5:23-24

  

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé àwa náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ìyá ìjọ tí ń fi òwú hun fìlà fún àwọn ọmọ tuntun. Bí a ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, a mọ ìdí iṣẹ́ náà: ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i kò ní ọ̀rá púpọ̀ lábẹ́ awọ, orí rẹ̀ sì tóbi bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, nítorí náà ooru ara rẹ̀ tètè ń gba orí jáde. Ṣùgbọ́n mímọ ìdí iṣẹ́ kì í ṣe mímọ iṣẹ́. A ra òwú ní Deptford lọ́jọ́ ọjà Sátidé, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlà kẹfà, ojú kan bọ́ lórí abẹ́rẹ́. A rí i. A wo ọ̀tún, a wo òsì, kò sí ẹni tí ó ń wò wá, a sì ń hun lọ. Nígbà tí a fi dé ìlà ogún, ojú náà ti tú lọ sísàlẹ̀ dé etí fìlà, ó fi àlàfo sílẹ̀ bí àkàbà. Màmá tí ń kọ́ wa gbà á wò, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ta lo ń fi í pamọ́ fún? Ọmọ tí yóò dé e ni òtútù yóò mú.”

Wọ́n wá kọ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkíní, bí àṣìṣe bá wà ní ìlà tí ó wà lọ́wọ́, kí a tú u ní ojú kọ̀ọ̀kan títí a ó fi dé ibẹ̀. Èkejì, bí ojú bá bọ́ tí a sì tètè rí i, kí a mú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, kí a fi gbé ojú náà gun àkàbà rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà sórí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta, bí a bá ti hun kọjá rẹ̀ jìnnà, kò sí òwú tí ó ṣẹ́ kù fún ojú náà lókè mọ́. A ní láti fa abẹ́rẹ́ yọ, kí a tú gbogbo rẹ̀ padà dé ìlà kẹfà. Ó dunni, nítorí àwọn ìlà tí ó dára yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n òwú kò ṣègbé. Bí ó tilẹ̀ ká kò, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó sá a, yóò sì nà.

Ẹ̀yin ará, ohun tí Jeremáyà rí nílé amọ̀kòkò nìyẹn. Ìkòkò bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò da amọ̀ náà nù; amọ̀ kan náà ni ó fi mọ òmíràn.

Níbi iṣẹ́ wa, bí nọ́ọ̀sì bá kọ àṣìṣe sínú ìwé aláìsàn, kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà sí i, kí a lè ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Láti oṣù November 2014 ni òfin ti pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ England pé, bí àṣìṣe wọn bá pa aláìsàn lára gidigidi, kí wọ́n sọ fún un, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Bí òfin ayé bá lè bèèrè èyí, kí ni kí àwa ọmọ Ọlọ́run ṣe?

Bí a ti ń tú fìlà náà, ọkàn wa lọ sí ojú mìíràn tí a ti jẹ́ kí ó bọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, owó àjọ kan sọnù nínú ilé wa. Lójú àlejò ni a fi pe ọmọ wa ọkùnrin ní olè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a rí owó náà nínú àpò kóòtù iṣẹ́ wa. A dákẹ́. A ní òbí kì í bẹ ọmọ. A se ìrẹsì aládìdùn, a ra bàtà fún un, a sì ń hun lọ. Ọmọ náà kó lọ sí Peckham. Kérésìmesì nìkan ni a ń gbóhùn rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. A wọ bọ́ọ̀sì 177, a lọ bá a. A sọ fún un pé àwa ni a gbàgbé owó náà, pé a rí i, a sì dákẹ́, kí ó dárí jì wá. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè.” Òwú náà ṣì ká kò díẹ̀, kò tíì nà tán. Ṣùgbọ́n ó ti padà sórí abẹ́rẹ́.

Olúwa wa sọ pé bí a bá rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́. Kò yọ ọmọ wa kúrò nínú arákùnrin náà. Nítorí náà, kí a tó pàdé lọ́jọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wo ìlà ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ojú kan bá bọ́, ẹ má hun kọjá rẹ̀ mọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í fi àṣìṣe pamọ́, àti ọwọ́ tí ó lè tún un ṣe. Àmín.