Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Fóònù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú Sūratun-Nūr, āyah 27, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé onílé láìgba ìyọ̀ǹda, láìsálámọ̀ sí àwọn ará ibẹ̀. Ó di āyah 30 kí ọ̀rọ̀ tó kan rírẹ ojú nílẹ̀. Ìyọ̀ǹda ni ó ṣáájú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí àti ní Wales, láti ọjọ́ 31 oṣù January 2024, ẹni tí ó bá fi àwòrán abẹ́ ènìyàn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láti dẹ́rù bà á tàbí dójú tì í, tàbí láti fi tẹ́ ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn láìbìkítà fún ìbànújẹ́ ẹni náà, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n èròǹgbà ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá ní àwàdà ni òun ń ṣe lè rí ibi sá gbà. Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ńkọ́? Ẹni tí ó já wọ yàrá onílé kò di aláìlẹ́bi nítorí pé ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa pàápàá kì í wọlé láìkágò.

Bàbá kan láàárín wa gba fóònù lọ́wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó ní kò rẹ ojú nílẹ̀. Báwo ni yóò ti ṣe é? Ojú ti rí i kí ó tó mọ ohun tí ó jẹ́! Ọrùn aránṣẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ìwò yẹn wà. Mo ní kí bàbá náà dá fóònù padà, kí ó sì bẹ ọmọ rẹ̀.