Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ẹni tó bá ti fọ ewúro rí mọ̀ pé òwe yìí kò jìnnà sí ibi ìdáná. Ewúro fúnra rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ bí a bá ń rún un nínú omi, ìfófòó yẹn la sì fi ń mọ ibi tá a bá a dé. Omi àkọ́kọ́ á hó yèè, ti kejì á rọlẹ̀. Ẹni tó bá wá omi kẹrin lọ ti fẹ́ sọ ewé di pàǹtí.

Èmi náà ti wá omi kẹrin rí. Òṣogbo ni mo ti kọ́ ọbẹ̀ ewúro, níbi tí a ti ń fọ̀ ọ́ títí ọmọdé á fi lè jẹ ẹ́. Nígbà tí mo dé Warri, ìyá kan tá a jọ ń gbé àgbàlá, ará Esan, bá mi nídìí omi, ó sì fi Pijin bi mí pé ṣé mo fẹ́ pa ewé náà ni. Mo ní, "Mama, ó ń korò ni." Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ ìkorò, kó lọ ra ṣọkọ. Inú mi ò dùn, àmọ́ àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ omoebe, tí gbogbo Warri ń pè ní black soup.

Ewé ni "ebe" lédè Ẹ̀dó. Àwọn Ẹ̀dó àti Esan ló ni ọbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti di ará ilé ní Warri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ banga àwọn Urhobo. Ìpínlẹ̀ Bendel kan náà ṣáà ni gbogbo wọn títí di 1991 tí wọ́n fi pín in sí Edo àti Delta. Wọn ò pín ìkòkò.

Ewé mẹ́ta ni: ewúro, efinrin, ìyèré. Èmi máa ń jẹ́ kí efinrin pọ̀ jù. Òun náà ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko, sọ lórúkọ ní 1753, tó fi èdè Látìn pè é ní èyí tó tẹ́ni lọ́rùn jù lọ. Ìyèré kò gbọdọ̀ ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, torí ó ń ta. Tútù la ń lọ̀ wọ́n, orí ọlọ ló sì dáa jù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yá, ṣùgbọ́n ṣe ló ń gé ewé. Ọlọ ló ń tẹ̀ ẹ́ títí omi inú rẹ̀ á fi jáde.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ibi ẹyìn la sì ti ń rí ẹni tó ní ẹ̀sọ̀. Ẹ sè é, ẹ gún un, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sẹ́ ihá kúrò. Omi ẹyìn yìí ni yóò hó títí yóò fi ki, tí epo á yọ sókè. Òun ló ń mú ọbẹ̀ nípọn. Òyìnbó a máa da wàrà sí ọbẹ̀ ewé tirẹ̀, inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa kì í sì í gba wàrà dáadáa. Èyí kò ní wàrà kankan, ẹnikẹ́ni ò sì wá a rí.

Ẹran, ẹja gbígbẹ, edé àti ata ti gbọ́dọ̀ wà níná kí ewé lílọ̀ tó wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó. Ojú yín náà ni àwọ̀ ewé á ti kúrò ní tútù yọ̀yọ̀ di dúdú, torí iná ti lé magnesium tó wà nínú rẹ̀ lọ. Kò jóná o. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Ọkọ mi wo ìkòkò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n bu tòmátì sí i kó lè lójú. Mi ò dá a lóhùn. Ó fi iyán lá àwo mọ́.

Bí ẹ bá dé ọjà Igbudu, ẹ má béèrè ìyèré, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Uziza ni kẹ́ ẹ pè é.